Ojeikere: Láti Yàrá Òkùnkùn Ìbàdàn

Kámẹ́rà Brownie tó rà ní 1950 ni ayàwòrán J. D. 'Okhai Ojeikere fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fọ́tò. Ní 1954, ó wọ yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò nílé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba n'Ìbàdàn. Ní 1961, ó bọ́ sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV l'Ágodi, n'Ìbàdàn náà.

Èkó ló kọjá sí ní 1963.

Irun dídì ló wá gbà á lọ́kàn láti 1968. Ẹ̀yìn orí ló sábà máa ń yà, ní dúdú òun funfun, tí ìlà orí á yọ gedegbe bí ebè oko. Ṣùkú ńkọ́? Onílé gogoro ńkọ́? Ó yà wọ́n kí wọ́n tó tú wọn. Ta ló máa wo ìpàkọ́ fọ́pọ̀ ọdún bí iṣẹ́ ò bá dùn mọ́ ọn? Àwòrán irun tó yà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000. Ojeikere ti lé lẹ́ni 80 ọdún nígbà tí wọ́n pàtẹ wọn ní Venice ní 2013.