Owó Ẹyọ Mẹ́fà

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ owó ìfìwéránṣẹ́ di pẹ́nì kan ní ọdún 1840, káàdì Fálẹ́ńtáìnì di ohun tí tálákà pàápàá lè fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí Esther Howland ti ìlú Worcester fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é tà ní Amẹ́ríkà. Àwòrán inú wọn kò ṣàjèjì sí wa mọ́: ọmọdé abìyẹ́ tí ó fa ọrun, ẹyẹlé méjì, òdòdó, àti ọkàn tí ọfà gún.

Àwọn kan a máa wí pé àwọn baba wa kò ní irú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Àwọn baba wa ní àrokò. Ẹni tí ó fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ ti sọ̀rọ̀: ẹ̀fà ni, ọkàn mi fà mọ́ ọ. Bí èsì bá dé pẹ̀lú ẹyọ mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ bùṣe: ẹ̀jọ ni, ohùn wa jọ. Kì í ṣe olólùfẹ́ nìkan ni í lò ó; ọmọ ìyá àti ọ̀rẹ́ a máa lò ó pẹ̀lú. Otunba Payne ti Èkó kó irú àrokò bẹ́ẹ̀ jọ, Bloxam sì kọ nípa wọn ní Lọ́ńdọ́nù ní ọdún 1887.

Ní etí òkun Ìlàjẹ tí a bí mi sí, a mọ̀ pé ojú omi ni ọjà òyìnbó ń gbà wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó ẹyọ. Ilé iṣẹ́ O'Swald ti Hamburg kó o láti Zanzibar wá sí Èkó. Ará Hamburg kan náà, Gaiser, ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ bá ọba Màhín ṣe àdéhùn ilẹ̀ ní ọdún 1885. Owó lásán ni ẹyọ lójú oníṣòwò; àwa ni a sọ ọ́ di ọ̀rọ̀.

Níhìn-ín ni ìyàtọ̀ wà. Ojú ni a fi ń ka káàdì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rí ọfà nínú ọkàn yóò mòye. Etí ni a fi ń ka àrokò. Ẹ̀fà àti fà, ẹ̀jọ àti jọ: ohùn wọn bára mu, láìsí èyí iṣẹ́ náà kò lè dé. Bí a bá gbé ẹyọ mẹ́fà síwájú ọmọ Yorùbá tí kò mọ oókà ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, kí ni yóò rí bí kò ṣe ìkarahun mẹ́fà?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kọ́ àwọn àbúrò yín ní oókà. Lẹ́tà ìfẹ́ wà nínú rẹ̀.