Bí Windows àti Linux ṣe lè jọ gbé inú kọ̀ǹpútà alágbèéká kan

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft fòpin sí àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ ní Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, kò ní láti jù ú nù. Ó lè fi Linux sí ẹ̀gbẹ́ Windows, kó sì máa yan èyí tó bá fẹ́ nígbà tó bá tan ẹ̀rọ náà.

Linus Torvalds, ọmọ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ Linux lọ́dún 1991. Ọ̀kan lára ẹ̀yà rẹ̀ ni Ubuntu, èyí tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2004. Ọ̀fẹ́ ni.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Ohun àkọ́kọ́ ni kí onítọ̀hún ṣe ẹ̀dà fáìlì rẹ̀ sí ibòmíràn. Lẹ́yìn náà, yóò dín àyè Windows kù kí 25GB, ó kéré tán, lè ṣófo. Yóò wá tan kọ̀ǹpútà láti orí fíláàṣì tí Ubuntu wà, yóò sì yan pé kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows. Bó bá ṣèèṣì yan pé kí wọ́n nu gbogbo díìsìkì, fáìlì rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Kí ni ewu iná?

Láti Nàìjíríà ni púpọ̀ nínú iná Niamey ti ń wá tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Nàìjíríà dá a dúró ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, lẹ́yìn ìfipágbàjọba, òkùnkùn kun ìlú náà. Bí iná bá lọ níbi tí wọ́n ti ń pín díìsìkì, fáìlì lè bàjẹ́. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà tí bátìrì rẹ̀ ti kú kò gbọdọ̀ gbára lé iná ìjọba nìkan.