Fèrè Tí Ìwé Gbà Là

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí a bá dárúkọ sakisofóònù létí ọmọ Yorùbá, ohun tí ó máa ń wá sí i lọ́kàn ni agbo ijó, orin híláìfù, àti fèrè idẹ tí ìdí rẹ̀ ká sókè bí ìwọ̀ ẹja. A kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe fèrè náà kò ní agbo ijó lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí á wo bí ó ṣe wá ilé fún un, nítorí ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ó ní ohun rere lọ́wọ́ tí kò fẹ́ kí ó parun.

Adolphe Sax ni orúkọ ọkùnrin náà. Ìlú Dinant ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n gbé bí i ní 1814. Baba rẹ̀ ń ṣe fèrè tà, ọmọ sì jogún iṣẹ́ náà. Ní 1842 ó kó lọ sí Paris, nígbà tí ó sì di 1846 ìjọba Faransé fún un ní ìwé àṣẹ lórí sakisofóònù. Idẹ ni ara fèrè yìí, ṣùgbọ́n awẹ́ esùsú tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí ó máa ń gbọ̀n bí a bá fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ìdí nìyí tí ohùn rẹ̀ fi lágbára bí ti kàkàkí, tí ó sì tún rọ̀ bí ti fèrè onígi.

Ẹ wá wo ìṣòro tí ó wà níbẹ̀. Ọmọ tí a bí sí ilé Àyàn kò nílò ìwé kí ó tó mọ ìlù. Bí baba bá ń lu ìyáàlù, ọmọ a máa lu kànnàngó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n fèrè tuntun kò ní baba ńlá. Àwọn àgbà olórin ti kọ orin jọ fún gòjé òyìnbó àti dùùrù tipẹ́tipẹ́; sakisofóònù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní nǹkan kan. Ta ni yóò kọ́ fèrè tí kò ní orin? Ta ni yóò sì kọ orin fún fèrè tí kò ní afọnfèrè?

Sax mú ìdí méjèèjì papọ̀. Ní 1857 ó di olùkọ́ sakisofóònù fún àwọn ọmọ ogun ní Conservatoire, ilé-ẹ̀kọ́ orin ńlá ti Paris. Ní 1858 òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé orin jáde. Ó bẹ Jean-Baptiste Singelée, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú gòjé, ará Bẹ́ljíọ̀mù bíi tirẹ̀. Ó bẹ Jules Demersseman, afọnfèrè. Àwọn wọ̀nyí kọ orin fún sakisofóònù pẹ̀lú dùùrù, irú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi dúró níwájú àwọn onídàájọ́ nígbà ìdánwò.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ dùùrù? Owó kékeré kọ́ ni a fi ń kó ọgọ́ta olórin jọ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo tí ó jókòó ti dùùrù lè fi ìka mẹ́wàá dúró fún gbogbo wọn nínú yàrá kékeré. Ìwé tirẹ̀ ní ipa mẹ́ta: ìsàlẹ̀ méjì fún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, òkè fún sakisofóònù, kí ó lè máa fojú tẹ̀lé ẹnìkejì. Afọnfèrè ní tirẹ̀ ń mú ipa tirẹ̀ nìkan lọ́wọ́. Sakisofóònù pọ̀ ní ìwọ̀n, ńlá àti kékeré, Sax sì ṣètò wọn tí ó fi jẹ́ pé ìka kan náà ni a ń fi tẹ àmì kan náà lára gbogbo wọn. Nítorí náà, bí ẹni tí ó mú èyí tí wọ́n ń pè ní alto bá rí C lórí ìwé tí ó sì fọn ún, E fílátì ti dùùrù ni yóò dún. Bí o bá to ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìjà ni o ó rò pé wọ́n ń jà. Bí wọ́n bá lù ú tán, ọ̀rẹ́ ni wọ́n.

Ogun dé ní 1870 láàárín Faransé àti Prussia, wọ́n sì ti kíláàsì náà pa. Gbèsè wọ Sax lọ́rùn. Ní 1877 wọ́n ta àkójọ ohun èlò orin rẹ̀ ní gbàǹjo, ìwé títẹ̀ rẹ̀ sì dópin ní 1878. Ó kú ní 1894. Fèrè rẹ̀ kò kú o. Ó wà lọ́wọ́ àwọn ológun, ó sì dé agbo ijó Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ní Conservatoire, ilẹ̀kùn wà ní títì fún ọdún 72.

Ní àkókò yìí kan náà, Elise Hall, obìnrin ọlọ́rọ̀ kan ní Boston tí etí rẹ̀ ń di, mú sakisofóònù gẹ́gẹ́ bí ohun ìtura. Ó rí i pé orin rẹ̀ kò tó, ó sì ń sanwó fún àwọn ọ̀gá olórin Faransé kí wọ́n kọ ọ́. Claude Debussy gba owó, ó sì ń fi òní dọ́la, fi ọ̀la dọ́tunla. Nígbà tí ó kú ní 1918, kò tíì parí iṣẹ́ náà fún ẹgbẹ́ olórin ńlá. Roger-Ducasse ni ó bá a parí rẹ̀, wọ́n sì lù ú ní Paris ní 1919.

Ní 1942 Conservatoire ṣí kíláàsì náà padà, Marcel Mule sì di olùkọ́ rẹ̀. Wọ́n tún tẹ orin Singelée jáde. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ Sax rí ń fọn ún pẹ̀lú dùùrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ilé Àyàn ní ọmọ tí yóò jogún ìlù. Ṣùgbọ́n bí àgbà olórin kan bá wà ládùúgbò yín tí ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ iṣẹ́ náà, ẹ wá ẹni tí yóò kọ orin rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ ṣì wà. Wọ́n lè ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, wọ́n sì lè ta ohun èlò ní gbàǹjo. Orin tí ó bá ti wà lórí ìwé yóò máa dúró de ẹni tí yóò fọn ún.