Bí Alátọ̀gbẹ Ṣe Di Ẹni Tí Ó Mọ Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀ Ara Rẹ̀

Àwọn baba wa kò ní ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n sọ àìsàn kan ní àtọ̀gbẹ, síbẹ̀ orúkọ náà bá a mu: ẹni tí ó bá ń ṣe a máa tọ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Íńdíà ti rí i láyé àtijọ́ pé èèrà a máa ṣù bo irú ìtọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1674, Thomas Willis, oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé pé ó dùn bí oyin. Ẹ kíyè sí i pé inú ìtọ̀ ni gbogbo wọn ti ń wá ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Láyé ìgbà náà, ọmọdé tí àtọ̀gbẹ bá mú kì í pẹ́ kú. Ní 1921, Frederick Banting àti Charles Best rí insulin ní ìlú Toronto ní ilẹ̀ Kánádà. Ní oṣù kìíní 1922 ni wọ́n kọ́kọ́ fi gún ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan ní abẹ́rẹ́, ó sì yè. Ṣùgbọ́n oògùn yìí fẹ́ ìwọ̀n. Bí ó bá pọ̀ jù, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yóò já wálẹ̀, aláìsàn lè dákú, ó sì lè kú sójú oorun. Bí ó bá kéré jù, ṣúgà yóò máa ba ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Báwo ni aláìsàn yóò ṣe mọ ìwọ̀n nínú ilé rẹ̀? Fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, ìtọ̀ náà ni ó ń yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ àná sì ni ìtọ̀ ń sọ: ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ní wákàtí mélòó kan sẹ́yìn.

Ní nǹkan bí 1970, ilé iṣẹ́ Ames ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ kan jáde tí ń fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ka ṣúgà. Dókítà nìkan ni wọ́n ń tà á fún. Richard Bernstein, ẹnjiníà tí àtọ̀gbẹ ti mú láti ọmọ ọdún 12, fi orúkọ ìyàwó rẹ̀, tí í ṣe dókítà, ra ọ̀kan. Ó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́, ara rẹ̀ sì ń bọ̀ sípò. Nígbà tí àwọn oníṣègùn kò kọbi ara sí ohun tí ó kọ, ó lọ kọ́ṣẹ́ dókítà ní ẹni ọdún 45.

Ní 1999, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ẹ̀rọ tí à ń ki sábẹ́ awọ ara. Ọjọ́ mẹ́ta ni yóò fi wà níbẹ̀ kí dókítà tó ka ohun tí ó rí. Nígbà tí ó yá, ẹ̀rọ irú rẹ̀ ń fi iye ṣúgà han aláìsàn fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá wà ní ilé ẹ̀kọ́, tí òbí wà ní ibi iṣẹ́ ńkọ́? Ní 2013, John Costik, bàbá ọmọ kan bẹ́ẹ̀, kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ó gbé iye náà gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wá sórí tẹlifóònù rẹ̀. Ohun tí ó ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ṣe: àwọn òbí mìíràn bá a dá sí i, wọ́n pe ètò náà ní Nightscout, wọ́n sì ń fún ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí irú èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé. Ẹni tí àrùn ń ṣe àti ará ilé rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n nílò. Kò yẹ kí a fi ìmọ̀ ara wọn dù wọ́n. Síbẹ̀ ẹ̀rọ kì í ṣe oògùn, iye tí a kà kò sì wúlò fún ẹni tí kò rí insulin rà. Bí ẹ bá ní kìkì ẹ̀rọ kékeré tí à ń gún ìka fún nílé, ẹ máa kọ iye tí ẹ rí, wákàtí rẹ̀ àti oúnjẹ tí ẹ jẹ sínú ìwé, kí ẹ sì mú ìwé náà lọ bá dókítà kí ẹ tó yí oògùn padà. Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Ẹni tí yóò sì wo àrùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i.