Nọ́ńbà Ọkọ̀ Àpápá Nínú Debugger: Ìtàn Àyè Bíìtì Nínú Èdè C

Ọkọ̀ òkun ńlá kì í dákẹ́. Bó ti ń wọ Àpápá bọ̀, àti nígbà tí wọ́n bá ti so ó mọ́ èbúté, ó ń fi rédíò kéde nọ́ńbà rẹ̀ àti ibi tó wà. AIS ni ètò yìí ń jẹ́. Àdéhùn àgbáyé SOLAS sọ ọ́ di dandan, ó pẹ́ tán ní ìparí ọdún 2004, fún ọkọ̀ tó tó 300 gross tonnage tó ń ti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn. Ẹni tó bá gbé eriali sórí òrùlé ní Ajégúnlẹ̀ lè gbà á lórí 161.975 àti 162.025 megahertz. Bíìtì 168 ni ìròyìn kọ̀ọ̀kan tó ń sọ ibi tí ọkọ̀ ńlá wà, wọ́n sì há mọ́ra bí ẹrù inú kòǹténà: 6 fún irú ìròyìn, 2 fún àtúnsọ, 30 fún nọ́ńbà ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní MMSI, 4 fún ipò tí ọkọ̀ wà, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àyè bíìtì tó wà nínú èdè C, níbi tí ènìyàn ti ń sọ iye bíìtì tí nọ́ńbà kan máa gbà, bá irú nǹkan báyìí mu gan-an.

Dennis Ritchie ló ṣe èdè C ní Bell Labs, ní nǹkan bí ọdún 1972. Nọ́ńbà aláìlámì, ìyẹn èyí tí kì í lọ sábẹ́ òdo, kò sí níbẹ̀ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Lẹ́yìn 1973 ni wọ́n fi kún un. Ìwé tí Ritchie àti Brian Kernighan kọ ní 1978 ṣàlàyé òun àti àyè bíìtì. Àmọ́ ìlànà C ti 1989 fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ láìparí: tí ènìyàn bá kọ int lásán fún àyè bíìtì, compiler ni yóò pinnu bóyá ó lámì tàbí kò lámì. Èmi gbà pé ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Debugger ni ètò tí wọ́n fi ń wo inú ètò mìíràn. Adb, tó bá Unix ẹ̀dà keje jáde ní 1979, kò mọ irú nọ́ńbà tó ń wò. Ẹni tó ń lò ó ló ń tẹ d tàbí u. Tí bíìtì 16 bá jẹ́ 1 látòkè délẹ̀, d á ní −1, u á ní 65535. Nígbà tó yá, àwọn compiler bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àlàyé mọ́ ètò tí wọ́n bá ṣe. DWARF, tó ti Bell Labs wá ní òpin àwọn ọdún 1980, ni èyí tó gbilẹ̀ jù: ó ń sọ bóyá àyè kan lámì, bíìtì mélòó ni, àti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. GDB, tí Richard Stallman kọ ní 1986, ń ka àlàyé yẹn. Á yọ bíìtì náà sọ́tọ̀. Tí àyè náà bá lámì, tí bíìtì òkè pátápátá sì jẹ́ 1, nọ́ńbà náà bọ́ sábẹ́ òdo nìyẹn.

Ẹ wo bó ṣe kàn wá. Nọ́ńbà mẹ́ta tó ṣíwájú nínú MMSI ló ń sọ orílẹ̀-èdè ọkọ̀: 657 ni Nàìjíríà, 636 ni Làìbéríà, 232 sì wà lára ti Gẹ̀ẹ́sì. Bíìtì 30 aláìlámì lè gba 1,073,741,823. Tó bá lámì, kò lè kọjá 536,870,911. Ká ní ẹnì kan kọ int mmsi : 30, tó sì lo compiler GCC, tó sábà máa ń ka irú rẹ̀ sí alámì. Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì á jáde bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n 657000000 á di −416,741,824. Ẹni tó fi ọkọ̀ Yúróòpù nìkan dán ètò rẹ̀ wò kò ní rí àṣìṣe yìí láéláé, ọkọ̀ tiwa ni yóò sì máa ṣì kà. Debugger kò purọ́: ohun tí wọ́n kọ ló kà. Unsigned ni kí wọ́n kọ.

Òdìkejì rẹ̀ wà nínú bíìtì 28 tó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe jìnnà sí ìlà Greenwich, torí pé èyí gbọ́dọ̀ lámì. Tí wọ́n bá kọ ọ́ ní aláìlámì, kò sẹ́ni tó máa fura ní Àpápá, tó wà ní ìlà oòrùn Greenwich. Ìlà náà gba Tema kọjá ní Ghana. Bí ọkọ̀ bá kọjá ibẹ̀ dé ìwọ̀n 1.75 sí ìwọ̀ oòrùn, nítòsí Takoradi, −1,050,000 tó yẹ kó hàn á di 267,385,456. Ó lé ní ìwọ̀n 445 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n kò kọjá 180 sí apá méjèèjì.

Ti bíìtì 4 tó ń sọ ipò ọkọ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀. 5 túmọ̀ sí pé wọ́n ti so ọkọ̀ mọ́ èbúté. Tí wọ́n bá fi uint8_t kọ ọ́, GDB á tẹ 5 '\005', torí ó ń rò pé lẹ́tà ni. Ẹ lo print/d, á tẹ 5 nìkan.