Ìsọ̀ Nísàlẹ̀, Yàrá Lókè

Tí wọ́n bá fún wa ní ilẹ̀ tó há ní Ìsàlẹ̀ Èkó lónìí, jẹnẹrétọ̀ àti éàkọ̀n la máa kọ́kọ́ rò. Àwọn Àgùdà, àwọn èèyàn wa tó ti Bràsíl padà wálé láyé ẹrú, kò ní ìkankan nínú méjèèjì. Síbẹ̀ wọ́n kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó tura: ìsọ̀ nísàlẹ̀, yàrá lókè. Ògiri nípọn kí ooru má tètè wọlé, fèrèsé ga kí atẹ́gùn ọ̀sà lè gba inú ilé kọjá. Ẹni tó ń tajà kò wọkọ̀ kó tó délé. Àtẹ̀gùn ló máa gùn.

Ọ̀kan nínú ilé Àgùdà ni Ilojo Bar ní gbàgede Tinúbú. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855, wọ́n ń ta oúnjẹ àti ọtí níbẹ̀. Ní 1956, ìjọba kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀.

Ọgbọ́n tí à ń wá lọ sókè òkun, a ti ní in nílé rí. Ó ṣì ku díẹ̀ ní Pópó Àgùdà. Ẹ jẹ́ ká lọ wò wọ́n, ká wọn ògiri wọn, ká ya àwòrán wọn, kí wọ́n tó di ilẹ̀ẹ́lẹ̀.