Lewis Hine, olùkọ́ tí ó fi fótò gbèjà àwọn ọmọdé

 

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣe olùkọ́ rí mọ bí ọjọ́ ìwọlé lẹ́yìn ìsinmi ńlá ṣe máa ń rí. Olùkọ́ á ṣí ìwé orúkọ, á máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ á máa dáhùn: "Présent!" Nígbà tí ó bá kan orúkọ kan, kíláàsì á dákẹ́. Olùkọ́ á tún un pè. Ọmọ kan á wá sọ láti ẹ̀yìn pé: "Maître, ó ti lọ síbi iṣẹ́." Ó lọ nígbà ìsinmi láti wá owó ìwé àti owó bàtà, iṣẹ́ sì dá a dúró sọ́hùn-ún. Ìgbà àkọ́kọ́ tí èyí ṣẹlẹ̀ sí mi, mo rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa nìkan ni. Ìgbà tí mo ka ìtàn ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Lewis Hine ni mo tó mọ̀ pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà náà ti la irú rẹ̀ kọjá. Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1910, Hine wọ ilé iṣẹ́ òwú kan ní North Pownal, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Vermont. Ó ya fótò ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Addie Card. Ọmọ náà fi apá ti ẹ̀rọ ìrànwú, kò wọ bàtà, ẹ̀wù rẹ̀ dọ̀tí, ó sì ń wò wá tààrà bí àgbàlagbà tí ó ti rẹ̀. Hine kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀ mọ́ fótò náà: àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọmọ ọdún 10 ni, òun fúnra rẹ̀ ní ọmọ ọdún 12 ni òun. Ó ní ìgbà ìsinmi ilé ìwé ni òun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, àti pé ní báyìí, òun yóò kúkú dúró síbẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe jọra.

Ta ni Lewis Hine yìí? Wọ́n bí i ní ọdún 1874 ní ìlú Oshkosh, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Bàbá rẹ̀ kú ní ọdún 1892, ọmọ náà sì lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ àga àti tábìlì, níbi tí iṣẹ́ ti pọ̀ tí owó sì kéré. Nítorí náà, kì í ṣe ẹni tí wọ́n sọ ìyà fún, ó ti tọ́ ọ wò. Nígbà tí ó yá, ó rí ọ̀nà kàwé, ó sì di olùkọ́ ní New York ní ọdún 1901, ní ilé ìwé kan tí ń jẹ́ Ethical Culture School. Ọ̀gá ilé ìwé náà ni ó gbé ẹ̀rọ fótò lé e lọ́wọ́. Láti ọdún 1904, ó ń lọ sí erékùṣù Ellis Island, níbi tí àwọn àjèjì tí ó ń ti Yúróòpù bọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, ó ń ya fótò wọn. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ rí i pé ènìyàn bíi tiwọn ni wọ́n.

Ní ọdún 1904 yẹn gan-an ni àwọn kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti gbógun ti fífi ọmọdé ṣiṣẹ́. National Child Labor Committee ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ka ènìyàn ní ọdún 1900, wọ́n rí àwọn ọmọ tí ó lé ní 1,700,000, láti ọdún 10 sí 15, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́. Àwọn tí kò tó ọdún 10 kò sí nínú iye yẹn rárá. Ẹgbẹ́ náà kọ ìwé, wọ́n sọ̀rọ̀ títí, ṣùgbọ́n iye lásán kì í pa ènìyàn lẹ́kún. Àwọn àgbà wa sì ti sọ ọ́ pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Ní ọdún 1908, ẹgbẹ́ náà pe Hine kí ó wá máa ya fótò fún wọn. Ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó mú ọ̀nà pọ̀n.

Ẹ má rò pé fótò nígbà náà dà bíi ti tẹlifóònù wa yìí. Àpótí ńlá ni ẹ̀rọ náà. Orí awo gíláàsì ni àwòrán ń hàn sí. Bí ibi kan bá ṣókùnkùn, ẹ̀tù ni wọn yóò sun kí ó lè tan ìmọ́lẹ̀ lójijì. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi èyí ya fótò ní kọ̀rọ̀. Àwọn tí ó ni ilé iṣẹ́ kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ohun tí ó wà nínú ilé. Hine wá ń dọ́gbọ́n. Lónìí, á ní olùbẹ̀wò tí ń yẹ ọ̀rọ̀ iná wò ni òun. Lọ́la, á ní Bíbélì ni òun ń tà. Nígbà mìíràn, á ní fótò àwọn ẹ̀rọ ni òun wá yà, á sì ní kí ọmọ kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ kí wọ́n lè mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ga tó. Bí wọn kò bá jẹ́ kí ó wọlé, á dúró sí ẹnu ọ̀nà ní ìdájí tàbí nígbà tí iṣẹ́ bá parí, á máa ka àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń jáde. Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ halẹ̀ mọ́ ọn lọ́pọ̀ ìgbà.

Ohun tí ó wù mí jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe fótò, ìwé pélébé tí ó wà nínú àpò rẹ̀ ni. Ó ti wọn bọ́tìnì ẹ̀wù ara rẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè. Bí ọmọ kan bá dúró níwájú rẹ̀, ó ti mọ bí ọmọ náà ṣe ga tó. Á ti ọwọ́ bọ àpò, á máa kọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀: orúkọ, ọjọ́ orí, gíga, iye wákàtí iṣẹ́, owó ọ̀yà, ibi tí ó ti rí i, ọjọ́ tí ó rí i. Ó mọ̀ pé àwọn olówó yóò ní irọ́ ni. Nítorí náà, ó rí i dájú pé kò sí ibi tí wọ́n lè gbá mú.

Ní Whitnel, ní ìpínlẹ̀ North Carolina, ní ọdún 1908, ó rí ọmọbìnrin kan tí kò ju mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 30 lọ. Ó ti lo ọdún kan nídìí ẹ̀rọ òwú, ó sì máa ń ṣe é lóru nígbà mìíràn. Owó rẹ̀ lójúmọ́ jẹ́ sẹ́ǹtì 48. Hine bi í léèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Ọmọ náà kọ́kọ́ lọ́ra, ó ní òun kò rántí. Lẹ́yìn náà ni ó rọra jẹ́wọ́ fún un pé òun kò tíì tó ẹni tí ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n òun ń ṣe é bẹ́ẹ̀ náà. Ní Macon, ní Georgia, ní ọdún 1909, ó ya àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n kéré débi pé orí ẹ̀rọ ni wọ́n ń gùn kí ọwọ́ wọn lè tó òwú tí ó já. Ní South Pittston, ní Pennsylvania, ní oṣù kìíní ọdún 1911, ó rí àwọn ọmọ tí wọ́n tẹ̀ ba lórí èédú, tí wọ́n ń ṣa òkúta kúrò nínú rẹ̀, eruku dúdú bo gbogbo ojú wọn. Ní Biloxi, ní Mississippi, ní ọdún yẹn kan náà, ó rí Manuel, ọmọ ọdún 5, tí ń bó edé, tí òkìtì ìkarahun sì ga lẹ́yìn rẹ̀ bí òkè. Ó ti ṣe é ní ọdún tí ó ṣáájú pẹ̀lú. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwa tí a ń gbé ní ẹnubodè mọ bí ó ṣe ń rí fún ọmọdé láti máa ṣiṣẹ́ níbi tí kò ti gbọ́ èdè ẹni tí ń pàṣẹ fún un.

Hine ya irú fótò báyìí tí ó lé ní 5,000 fún ẹgbẹ́ náà. Wọ́n tẹ̀ wọ́n sínú ìwé ìròyìn, wọ́n gbé wọn kọ́ sí gbọ̀ngàn, wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ tàn wọ́n sára ògiri níbi ìpàdé. Ọ̀pọ̀ tí ó ń wọ aṣọ òwú lójoojúmọ́ kò mọ ọwọ́ tí ó ran òwú náà títí wọ́n fi rí i.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Fótò kò fi ọjọ́ kan yí òfin padà. Ní ọdún 1912, ìjọba dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tí yóò máa mójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ní ọdún 1916, wọ́n ṣe òfin pé ọjà ilé iṣẹ́ tí ó bá ń lo ọmọ tí kò tó ọdún 14 kò gbọdọ̀ ti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn. Inú àwọn ènìyàn dùn. Kò pé ọdún méjì, ẹjọ́ dé.

Ẹni tí ó gbé ẹjọ́ náà lọ kì í ṣe olówó o. Bàbá ni. Dagenhart ni orúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ilé òwú ní Charlotte, North Carolina. Ọmọkùnrin rẹ̀ méjì ń bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀kan kò tó ọdún 14, èkejì kò tó 16. Ó ní ọmọ òun ni, òun ni òun ni agbára lórí iṣẹ́ wọn. Àwọn tí ó ni ilé iṣẹ́ òwú ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ni wọ́n wá agbẹjọ́rò. Ní oṣù kẹfà ọdún 1918, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá bàbá láre: adájọ́ 5 sí 4. Òfin náà kú. Wọ́n ṣe òmíràn ní ọdún 1919, ilé ẹjọ́ tún pa á ní ọdún 1922.

Ẹ gbọ́ ìparí rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ẹjọ́ náà, akọ̀ròyìn kan lọ wá ọmọ tí ó dàgbà nínú àwọn méjèèjì, Reuben. Ó ti tó ọmọ 20 ọdún, ó ti di baálé ilé, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò dàgbà bí ó ṣe yẹ. Ó sọ fún akọ̀ròyìn náà pé ìwé tí òun kò kà ni ó ń dun òun, àti pé ì bá sàn fún gbogbo ọmọ ìpínlẹ̀ wọn bí òfin yẹn bá dúró. Bàbá jàre ní ilé ẹjọ́, ọmọ ni ó sanwó rẹ̀.

Ṣé kí a wá bú bàbá náà? Èmi kò lè bú u. Òṣì ni ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn kan ní Amẹ́ríkà nígbà náà mọ èyí. Ní ọdún 1911, ìpínlẹ̀ Illinois bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ìyá aláìní tí ń dá tọ́mọ lówó, kí wọ́n má bàa gbé ọmọ lọ síbi iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì tẹ̀lé e. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1918, gbogbo ìpínlẹ̀ ti ní òfin pé dandan ni kí ọmọ lọ sí ilé ìwé. Lẹ́yìn ọdún 1929, iṣẹ́ wọ́n, àgbà kò rí ṣe, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí ẹni tí ó bá gba ọmọdé síṣẹ́. Gbogbo èyí ni ó para pọ̀ bí òfin ọdún 1938, tí ó fi ọdún 16 ṣe ààlà fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́, àti 18 fún iṣẹ́ eléwu. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fọwọ́ sí i ní ọdún 1941. Síbẹ̀, òfin náà kò dé oko dáadáa, àwọn ọmọ oko sì ń jìyà nìṣó.

Hine rí òfin ọdún 1938, ṣùgbọ́n kò jẹ ànfààní kankan níbẹ̀. Iṣẹ́ ti wọ́n ọn, ilé rẹ̀ ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó kú ní tálákà ní oṣù kọkànlá ọdún 1940.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa. Ní ọdún 2003, wọ́n kó àwọn ọmọ ilẹ̀ Benin tí wọ́n ń fọ́ òkúta ní agbègbè Abẹ́òkúta padà wálé. Ní ọdún 2006, ilẹ̀ Benin ṣe òfin lórí mímú ọmọdé kúrò nílùú àti lórí fífi ọmọ ṣòwò. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní: "Ta ni kò ṣiṣẹ́ ní kékeré?" Èmi náà pọn omi, mo ru igi, mo bá bàbá mi roko. Ṣùgbọ́n bí agogo ilé ìwé bá ti dún, bàbá mi ni yóò gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Iṣẹ́ tí ń kọ́ ọmọ yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí ń jẹ ọmọ.

Mo sì ń rí i tí àwọn kan ń ya fótò ọmọ tí ń kiri ọjà, tí wọ́n á gbé e síta kí a lè káàánú. Àánú ọjọ́ kan kò tó, ojú ọmọ náà sì ti di ti gbogbo ayé. Ohun tí Hine kọ́ wa ni pé kí a béèrè kí a tó yà á: Ta ni ọmọ yìí? Ọmọ ọdún mélòó ni? Ta ni ó mú un wá? Kí a sì gbé ìdáhùn náà lọ síbi tí wọ́n ti lè ṣe nǹkan sí i: ọ̀dọ̀ olórí àdúgbò, ọ̀dọ̀ olùkọ́, ọ̀dọ̀ ìjọba, àti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, kí a mọ ohun tí ó ká a lọ́wọ́ kò.

Ní tèmi, n kò ní ẹ̀rọ fótò ńlá. Ìwé orúkọ kíláàsì ni mo ní. Láti ọdún tí mo ti ka ìtàn yìí, bí orúkọ kan bá dákẹ́ lọ́jọ́ ìwọlé, n kì í fa ìlà pa á. Mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo sì ń gba ilé wọn lọ. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń padà. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Kí Ọlọ́run bá wa dá àwọn ọmọ wa sí. Ire o.